Nígbà tí Míkísà Bá Gbàgbé, àti Nígbà tí Ó Bá Rántí Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Láàárín oṣù méjì tó kọjá, lẹ́tà mẹ́rin ni ó wọlé sí ojú ewé yìí láti ìlú mẹ́rin ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń yí ká: bí ìjọ tí ó ti ra míkísà dígítà, ẹ̀rọ tí ń da ohùn máìkì àti ti ohun èlò orin pọ̀, ṣe lè fi ètò ohùn ìsìn kan, èyí tí à ń pè ní scene, pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà, kí ó sì pè é padà nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ ohùn nínú ìjọ láti ìgbà tí a ṣì ń fi bírò fàlà sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, nítorí náà mo gbà láti dáhùn wọn pa pọ̀. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ ìjọ kúrò nínú wọn.

Ìbéèrè láti Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá ni ìjọ wa fi owó ìkórè ra míkísà dígítà oníkànnì 32, ìyẹn ni pé ọ̀nà 32 ni ohùn lè gbà wọ inú rẹ̀. Ìsìn mẹ́ta ni à ń ṣe lọ́sẹ̀: ìṣọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì, ìsìn Yorùbá ní agogo 8 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, àti ìsìn àwọn ọ̀dọ́ ní agogo 10 ààbọ̀, tí wọ́n máa ń lo gìtá, dùrù àti ìlù òyìnbó. Ọmọkùnrin tí ó ń mójú tó ìṣọ́ òru a máa yí gbogbo nǹkan padà, bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá sì mọ́, a óò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, ohùn olùṣọ́-àgùntàn wa a sì máa dún bí ti ẹni tí ó wà nínú ìkòkò. Ẹnì kan kọ́ wa bí a ṣe ń fi scene pamọ́, a sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú kan, a pe scene ìsìn àwọn ọ̀dọ́ jáde nígbà tí olùṣọ́-àgùntàn ṣì ń gbàdúrà ìparí ìsìn àkọ́kọ́. Máìkì ọwọ́ rẹ̀ han gooro débi pé ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó di ejò mú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ìjọ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà mọ́. Níbo ni a ti ṣìnà?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọ ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí tí wọn kò jẹ́ sọ. Ibi méjì ni ẹ ti ṣìnà: ẹ pe scene nígbà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rántí ohun kan tí kò yẹ kí ó rántí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí scene jẹ́, nítorí àwọn àgbà ìjọ tí ó fòfin dè é. Lórí míkísà àtijọ́, ibi tí a bá yí bọ́tìnnì sí ni yóò wà títí ẹlòmíràn yóò fi yí i, ìrántí rẹ̀ kò sì sí níbikíbi àfi nínú orí ẹni tí ó yí i. Ìdí nìyí tí a fi máa ń lẹ sẹ́lótéèpù funfun mọ́ abẹ́ fédà, bọ́tìnnì tí a ń tì sókè sódò láti fi ohùn kún tàbí dín in kù, tí a ó kọ Pásítọ̀, Sópránò, Gángan sí i, tí a ó sì fi bírò fàlà síbi tí fédà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Nínú míkísà dígítà, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Bọ́tìnnì tí ẹ ń yí kàn ń sọ nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà lè kó gbogbo nọ́ńbà yìí jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fún un lórúkọ, kí ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sípò ní ọjọ́ tí ẹ bá pe orúkọ náà. Àkójọ yìí ni à ń pè ní scene. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ní ọdún 1987 ni Yamaha gbé míkísà kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní DMP7, tí mọ́tò ń gbé fédà rẹ̀ rìn fúnra rẹ̀ padà síbi tí a ti fi í sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó di ohun tí ìgbìmọ̀ ìnáwó ìjọ lè gbọ́ iye rẹ̀ kí wọ́n má sì dìde kúrò nípàdé. Ìgbà tí Behringer mú X32 jáde ní ọdún 2012, tí owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò tó 3,000 dọ́là, ni ọ̀nà là fún àwọn ìjọ bíi tiwa; Qu ti Allen & Heath àti TF ti Yamaha sì tẹ̀ lé e.

Ohun tí scene ń kó pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ó ń kó ipò fédà àti àwọn ikànnì tí a pa ẹnu wọn dé. Ó ń kó equalizer (tí ń fi ohùn òkè tàbí ìsàlẹ̀ kún tàbí dín in kù), gate (tí ń ti ikànnì pa nígbà tí ohùn bá kéré) àti compressor (tí ń tẹ ohùn tí ó bá pọ̀ jù mọ́lẹ̀) ti ikànnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń kó ìwọ̀n ohùn tí ó ń lọ sí mọ́nítọ̀ iwájú akọrin, ìyẹn sípíkà tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀, àti gbohùngbohùn, ìyẹn ohùn tí ń padà bí ti inú ilé ńlá, tí ẹ fi sí orin. Bí ẹ kò bá sì dá a dúró, yóò kó gain pẹ̀lú, àti iná 48 fóltì tí ó ń lọ sí máìkì.

Gain ni ó ń pinnu bí ohùn máìkì yóò ti lágbára tó kí ó tó dé ibikíbi mìíràn nínú ẹ̀rọ. Ẹ wá bá mi wo máìkì ọwọ́ olùṣọ́-àgùntàn yín. Nínú ìsìn Yorùbá, àgbà oníwàásù ni ó dì í mú, ẹni tí ìjọ yóò gbọ́ dé ẹnu ọ̀nà bí iná tilẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi gain rẹ̀ sí 20 dB (dB ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ohùn), fún àpẹẹrẹ. Nínú ìsìn àwọn ọ̀dọ́, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọra ń jáde ni ó ń fi máìkì yẹn kan náà darí orin, ẹ sì gbé gain lọ sí 32 dB kí a lè gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ pe scene àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀rọ náà jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an: ó gbé gain gòkè ní 12 dB lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé fóltéèjì ohùn tí ń wọlé di ìlọ́po mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó mí. Mọ́nítọ̀ tí ó dojú kọ olùṣọ́-àgùntàn náà gbà nínú rẹ̀. Máìkì gbọ́ sípíkà, sípíkà tún un sọ, máìkì tún un gbọ́, òun ni ariwo tí ó sọ máìkì di ejò yẹn.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi ojú ewé kan sínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní recall safe, tí àwọn mìíràn ń pè ní scene safe. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fi àmì sí ohun tí scene kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi àmì sí gain àti iná 48 fóltì, kí ẹ má sì yọ ọ́ mọ́, níwọ̀n ìgbà tí àwọn máìkì yín kò bá kúrò nínú ihò wọn. Iná 48 fóltì yìí ni èyí tí máìkì kọ́ńdẹ́nsà ń jẹ, irú èyí tí a máa ń gbé kọ́ sókè orí ẹgbẹ́ akọrin. Bí scene bá tàn án tàbí pa á nígbà tí ikànnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró gbàù kan tí ó lè ba sípíkà jẹ́. Ẹ tún fi àmì sí ikànnì olùṣọ́-àgùntàn lódindi, kí ó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ nǹkan, ohùn ẹni tí ó ń wàásù kò ní yẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé báwo wá ni a ó ṣe gbọ́ ọmọbìnrin náà bí gain kò bá gbọdọ̀ yí padà. Ẹ fún un ní máìkì tirẹ̀ nínú ikànnì tirẹ̀. Oníkànnì 32 ni ẹ̀rọ yín, kò sì sí ìdí tí àgbà oníwàásù àti akọrin olóhùn pẹ̀lẹ́ fi ní láti máa pín ikànnì kan. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀. Compressor àti gate ń fi ìwọ̀n ohùn tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ṣiṣẹ́. Bí gain bá ti yí, ìwọ̀n tí ẹ fún wọn kò bá ohùn mu mọ́, gate a wá máa gé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jẹ, tàbí kí compressor máa tẹ ohùn mọ́lẹ̀. Bí compressor ìṣọ́ òru bá ti lọ jókòó sórí ohùn àgbà oníwàásù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo rò pé ara ohun tí ẹ ń gbọ́ bí ìkòkò nìyẹn.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ níbikíbi tí wọ́n bá pè mí sí: míkísà kò mọ olùṣọ́-àgùntàn, kò sì mọ onígángan. Nọ́ńbà ihò nìkan ni ó mọ̀. Bí onílù bá kánjú, tí ó fi wáyà gángan sínú ihò 5 tí ó jẹ́ ti aṣáájú akọrin, scene yóò fi tọkàntọkàn fún gángan ní equalizer àti gbohùngbohùn tí ẹ tò fún ohùn obìnrin, ẹ ó sì máa wá ẹ̀bi ẹ̀rọ kiri. Nítorí náà, kí ẹ tó fi scene kankan pamọ́, ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ẹ sì lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ara ògiri nítòsí pẹpẹ tí yóò fi hàn pé ihò 1 jẹ́ ti olùṣọ́-àgùntàn, 2 jẹ́ ti atọ́kùn ìsìn, títí dé orí èyí tí ó gbẹ̀yìn. Scene kan kò lè wúlò níbi tí wáyà ti ń ṣí láti ihò dé ihò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nípa bí ẹ ó ṣe tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ lo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹgbẹ́ akọrin bá ń dánrawò. Ẹ mú kí olùṣọ́-àgùntàn tàbí ẹni tí ohùn rẹ̀ jọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú agbára tí ó fi ń wàásù. Ẹni tí ó ń ka ẹní, èjì, ẹ̀ta sínú máìkì kò lè fi bí ìwàásù ṣe rí hàn yín. Ẹ tò ó, ẹ tò akọrin, ẹ tò ìlù. Nígbà tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá àyè tí ó ṣófo nínú àkójọ scene, ẹ fi í pamọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ ní ÌPÌLẸ̀. Ara ÌPÌLẸ̀ yìí ni ẹ ó ti bí àwọn yòókù: ẹ pè é jáde, ẹ ṣe àtúnṣe tí ìṣọ́ òru nílò, kí ẹ fi èyí pamọ́ sí àyè mìíràn pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣe ti ìsìn Yorùbá, kí ẹ tó ṣe ti àwọn ọ̀dọ́. Ọmọkùnrin ìṣọ́ òru lè yí tirẹ̀ bí ó ṣe fẹ́. Bí ó bá ti parí, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yóò pe ti ìsìn Yorùbá jáde, gbogbo rẹ̀ yóò sì padà sípò.

Ẹ pè é jáde kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ampilifáyà kò tíì tàn tàbí tí fédà ńlá ìparí wà nísàlẹ̀. Láàárín ìsìn méjì, ẹ dúró títí ẹni ìkẹyìn yóò fi gbé máìkì sílẹ̀. Ní tèmi o, èmi kò gbà pé ọ̀pọ̀ ìjọ wa nílò kí a máa pààrọ̀ scene láàárín ìsìn kan rárá. Ohun tí ẹ sábà ń fẹ́ ni kí máìkì akọrin dákẹ́ nígbà ìwàásù, kí ó sì jí nígbà orin. Mute group kan, bọ́tìnnì tí ń pa ẹnu ọ̀pọ̀ ikànnì dé lẹ́ẹ̀kan náà, tó fún èyí, ìka kan ni, kò sì ní yí ohunkóhun mìíràn padà. Ẹ ka èyí sétí àwọn àgbà ìjọ yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú òfin náà kúrò.

Ìbéèrè láti Ìjerò-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ ni míkísà wa. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò ti lọ ṣe agùnbánirọ̀, èmi tí mo kù sì ń gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀mejì ni iná ti lọ lójijì láàárín ìsìn, tí a fi jẹnẹrétọ̀ tàn án padà tí ètò tí mo ṣe láàárọ̀ sì ti pòórá. Ní oṣù tó kọjá pàápàá, kò sí iná nínú ilé ìsìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà tí a sì tan ẹ̀rọ náà, kò rántí ohunkóhun mọ́, títí kan àwọn tí ẹni àkọ́kọ́ fi pamọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, nǹkan méjì tí kò jọra ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Ti àkọ́kọ́ kò le. Ètò tí o ń tò lọ́wọ́, tí o kò tíì fi orúkọ pamọ́, inú ìrántí onígbà díẹ̀ ni ó wà. Àwọn míkísà kan ń kọ ipò tí wọ́n wà sílẹ̀ fúnra wọn ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra, nítorí náà bí iná bá já lójijì, ohun tí o ṣe kẹ́yìn lè bọ́ sọnù. X32 tilẹ̀ ní bọ́tìnnì kan lójú ewé títì rẹ̀ tí a ń tẹ̀ kí a tó pa á, kí ó lè kọ ohun gbogbo sílẹ̀ tán. Nítorí náà, bí o bá ti tò nǹkan tí ó dùn mọ́ ọ nínú, fi í pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Má dúró de òpin ìsìn. Kí ìjọ sì ra UPS kékeré kan, àpótí bátìrì tí ń gbé ẹ̀rọ dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, fún míkísà nìkan. Kò nílò láti gbé ampilifáyà, ìṣẹ́jú tí ẹnì kan fi ń sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ ni ó ń rà fún yín.

Ìkejì ni ó le díẹ̀. Àwọn míkísà dígítà àtijọ́ kan, bí 01V96 àti LS9 ti Yamaha, ní bátìrì kékeré kan nínú tí ó ń mú ìrántí wọn dúró nígbà tí wọn kò sí lójú iná. Bátìrì tí ó ti bá ẹ̀rọ gba òkè òkun kọjá, tí ó sì ti dàgbà tó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò ní pẹ́ kú. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń kìlọ̀ nípa bátìrì lójú ẹ̀rọ nígbà tí o tàn án, òun náà nìyẹn. Jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣí i, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Má ṣe é fúnra rẹ.

Bí ó ti wù kí bátìrì le tó, ohun tí ó bá wà níbì kan ṣoṣo kò tíì sí lábẹ́ ààbò. Ra fílàṣì méjì tí wọ́n fi ọ̀nà FAT32, ìyẹn ọ̀nà ìtòjọ fáìlì kan, tò, kó gbogbo scene lọ sínú wọn bí ẹ̀rọ rẹ bá ní ihò USB. Bí kò bá ní in, o lè fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí o sì kó wọn síbẹ̀. Fílàṣì kan yóò wà nínú àpótí ìjọ, èkejì yóò wà nílé akọ̀wé. Kí ẹnikẹ́ni má fi orin tàbí fíìmù sínú wọn. Mo tún máa ń fi fóònù ya àwòrán ojú ẹ̀rọ fún ikànnì tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí scene tí o kó láti inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan kò ní ṣí lórí ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ míkísà, àwòrán yẹn ni o ó máa wò tí o ó fi tún un tò.

Má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ nítorí pé o ń kọ́ ọ. Èmi tí mo ń kọ èyí, ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìkórè ku ọ̀la nínú ìjọ kan ní Adó, mo fẹ́ pe scene tí a ti fi wákàtí mẹ́ta tò jáde, ìka mi sì lọ sórí bọ́tìnnì ìfipamọ́ dípò ti ìpè. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ètò òfìfo tí ó wà lórí ẹ̀rọ ni ó lọ bo gbogbo iṣẹ́ wa mọ́lẹ̀, àwọn akọrin sì ti lọ sílé. Agogo 6 àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wà níbẹ̀ tí mò ń bẹ onílù kí ó tún lù ú fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka orúkọ scene sókè, kí etí mi gbọ́ ọ, kí n tó dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀rọ bá bi mí. Bí ẹ̀rọ tìrẹ bá ní àyè tí a fi ń sọ fún un pé kí ó máa béèrè kí ó tó pe scene tàbí kí ó tó kọ ọ́ bo òmíràn, tan méjèèjì.

Ìbéèrè láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Olóòtú, ìyá ìjọ ni mo jẹ́, èmi kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ìsìn ìsìnkú bá ti wáyé nínú ìjọ wa ní ọjọ́ Ẹtì, tí ẹbí olókùú gbé àwọn olórin wọn wá, ohùn ìjọ kì í dára mọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ wa sọ pé àwọn olórin náà ni ó ba ètò jẹ́. Ṣé kí a máa lé wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ìjọ, mà. Ẹ má lé wọn, nítorí ẹbí olókùú kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n fi ipò tí ẹ̀rọ wà pamọ́ kí àlejò tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì pe scene mìíràn tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún àlejò jáde, èyí tí máìkì ìjọ wà nínú rẹ̀ ní ikànnì 1 dé 8, tí ìyókù sì ṣófo fún olórin. Bí ètò bá parí, wọn yóò pe ti ìjọ padà. Bí àlejò bá tú wáyà kúrò nínú ihò, ọmọ ìjọ kan gbọ́dọ̀ dúró tì í títí yóò fi dá a padà, nítorí scene kò lè bá yín fi wáyà sípò. Ó tún yẹ kí wọ́n wò ó bóyá àlejò náà fi tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù wọ inú ẹ̀rọ láti orí Wi-Fi rẹ̀; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Àìkú. Mo ti rí ibi tí fédà ń rìn láàárín ìwàásù tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Àwọn arúgbó ti ń pe orúkọ Jésù kí a tó rí ọmọdé kan lẹ́yìn tí ó ń fi fóònù ṣeré.

Ìbéèrè láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe gbogbo ohun tí ìwé ẹ̀rọ sọ. Mo tò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dùn gan-an. Mo pe scene kan náà ní ọjọ́ Àìkú, kò dùn mọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, ó tún burú sí i. Ṣé scene máa ń yí padà fúnra rẹ̀ ni?

Ìdáhùn

Scene kò yí padà. Ilé ìsìn ni ó yí padà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ògiri búlọ́ọ̀kù, páànù orí ilé àti àga òfìfo ni ó wà níbẹ̀, ohùn ń lu ògiri ó ń padà, ìwọ náà sì gé ohùn òkè kù lára equalizer nítorí pé ó ń ta létí. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn èrò wọlé pẹ̀lú aṣọ òkè, gèlè àti agbádá; ara ènìyàn àti aṣọ ń fa ohùn òkè mu, ohùn tí ń ta tẹ́lẹ̀ kò ta mọ́, ohun tí o sì ti gé kù wá di àdánù. Ọ̀rọ̀ ìwàásù a máa kùn, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò sì ní gbọ́ ṣ àti s dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń tò ó nínú ilé òfìfo, fi ohùn òkè sílẹ̀ díẹ̀ ju bí etí rẹ ṣe fẹ́ lọ, kí o sì dúró de orin àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Àìkú kí o tó parí rẹ̀. Dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, rìn dé ìlà àga tí ó kẹ́yìn, gbọ́ ọ níbẹ̀, kí o padà wá ṣe àtúnṣe. Orí equalizer ńlá ti gbogbo ilé ni kí o ti ṣe àtúnṣe yìí, kì í ṣe orí ikànnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ilé ni ó yí padà, àwọn olóhùn kò yí.

Ti ọyẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń jẹ ohùn òkè lójú ọ̀nà jíjìn ju afẹ́fẹ́ tí ó ní ọ̀rinrin lọ, àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìlù ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Awọ gángan ń gbẹ, ó ń le, ohùn rẹ̀ ń gòkè. Equalizer tí o tò fún un ní oṣù Òkúdù, nígbà tí òjò ń rọ̀ lórí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, wá ń gbé ohun tí ó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ ga sí i. Ẹni tí ó bá ń lu gángan mọ èyí dáadáa, bi í kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì ni. Scene tí ó ti pé ọdún kan láìsí ẹni tí ó gbọ́ ọ wò kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Má wá fi àtúnṣe àsìkò ọyẹ́ pamọ́ sórí scene tí o ti ní. Wá àyè mìíràn fún un. 100 ni àyè scene tí ó wà lórí X32, èmi kò sì tíì rí ìjọ tí ó lo 20 nínú rẹ̀. Kọ oṣù àti ọdún mọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé, pe méjèèjì jáde tẹ̀lé ara wọn ní ọjọ́ ìdánrawò, kí onígángan lu ìlù kan náà fún méjèèjì, kí o tó pinnu èyí tí o ó parẹ́.